Kí ni wọ́n ń pè ní kíkó ìtàn ìgbà kòrónà jọ, ta ni wọ́n sì ń bi ní Òṣogbo?

Tẹ́ ẹ bá gbé fóònù síwájú èèyàn ní Òṣogbo, tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ kó sọ bó ṣe rí fún un nígbà kòrónà, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ta ló rán yín. Mi ò dá a lẹ́bi jàre. Láti 2020, gbogbo ẹni tó bá ti gbé bírò dání tó ń dárúkọ kòrónà, tí kò bá fẹ́ kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìrẹsì palliative, ìyẹn oúnjẹ ìrànwọ́ ìgbà kòrónà, á jẹ́ pé ó fẹ́ gún èèyàn lábẹ́rẹ́ ni. Àwọn míì á ní ẹ lọ bi dókítà, àwọn ò ní kòrónà rí. Àwọn míì á ti gbà pé owó ti wọlé láti ìlú òyìnbó, kẹ́ ẹ tètè mú tiwọn wá kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. So ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ bó ṣe yé mi, torí iṣẹ́ náà ò le tó bí wọ́n ṣe ń pè é, ohun tó jẹ́ gan-an ló ń rú àwọn èèyàn lójú.

Kì í ṣe ìròyìn là ń kọ. Akọ̀ròyìn fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ó sì fẹ́ gbé e jáde kíákíá kó tó di ọ̀rọ̀ àná. Kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà, a ò bi ẹnikẹ́ni pé irú ikọ́ wo ló wú. Bí ayé ṣe rí lójú ẹni tó wà níbẹ̀ là ń wá. Kí ni wọ́n jẹ lálẹ́ nígbà tí ọjà wà ní títì, ta ló há sílé ta, báwo ni wọ́n ṣe sọ ọmọ lórúkọ láìpe èrò, ibo ni bàbá tó ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù ti rí oògùn rà. Ẹni tí kòrónà ò kàn lára rárá, ìtàn lè kún inú ẹ̀ dẹ́nu, torí ara ẹ̀ le, ó lajú sílẹ̀, ó ń wo gbogbo ẹ̀.

Iye èèyàn àti ọjọ́ ti wà lákọsílẹ̀ tiẹ̀. NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀-àrùn ní Nàìjíríà, ti kọ ọ́ pé 3,155 ni kòrónà pa ní gbogbo Nàìjíríà, ìyẹn àwọn tí wọ́n kà o. A mọ̀ pé ará Ítálì kan tó wọ Èkó ní ìparí February 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára ẹ̀, a mọ̀ pé 11 March ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, pè é ní àjàkálẹ̀-àrùn tó kárí ayé, a sì mọ̀ pé ní ìparí March yẹn náà, èèyàn 127 dé sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti Côte d'Ivoire, wọ́n kó wọn síbì kan ní Èjìgbò fún àyẹ̀wò, wọ́n sì rí i lára àwọn kan nínú wọn. Gómìnà ìgbà náà, Gboyega Oyètọ́lá, kéde kónílé-ó-gbélé láti 31 March. Gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé, kò lè sọnù. Èyí tí kò sí nínú ìwé kankan ni ohun tí ìyàwó ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun sọ fún ọkọ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ìkéde yẹn lórí rédíò, tó sì jẹ́ pé kóńgò gàrí kan ló kù nílé. Àti ọ̀rọ̀ Èjìgbò yẹn, gbogbo ayé ló ń pe àwọn èèyàn yẹn ní "àwọn tó ti Côte d'Ivoire dé" bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àjèjì, bẹ́ẹ̀ Èjìgbò àti Abidjan ti di ọ̀nà oko àti ilé fún ìdílé míì tipẹ́tipẹ́, ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí. Kí ni èèyàn ń rò lọ́kàn nígbà tó dé ìlú ẹ̀ tán tí wọn ò jẹ́ kó wọlé? Nọ́ńbà 127 ò lè sọ ìyẹn.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé kí la fẹ́ fi í ṣe, kó wo 1918. Àrùn influenza bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó ní September ọdún yẹn, ó sì bá rélùwéè wọ àárín ilẹ̀ lọ. Rélùwéè ti dé Òṣogbo láti 1907, ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀nà ti là sílẹ̀ fún un. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé ó tó ìdajì mílíọ̀nù èèyàn tó bá a lọ ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá lọ sí National Archives ní Ìbàdàn, ìyẹn èyí tó wà nínú University of Ibadan, ìwé àwọn òyìnbó amúnisìn lẹ máa bá níbẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba rí, ohun tó pa láṣẹ, ohun tó kọ sí ọ̀gá ẹ̀. Ìyá tó ń ta èkuru ní Òṣogbo nígbà yẹn, tó sin ọmọ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ta ló bi í léèrè? Kò sẹ́ni. Ó ti lọ, àwọn ọmọ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ náà ti lọ.

Ibi tí ìtàn 1918 ti kù lẹ́nu àwa Yorùbá dáadáa, ẹ má bá a jìnnà, ọ̀dọ̀ àwọn Aládùúrà ni. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí àrùn yẹn ń pa èèyàn, àwọn kan nínú ìjọ St. Saviour's bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ gbàdúrà, J. B. Shadare ló ṣáájú wọn, Sophia Odùnlámì náà wà níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó ní Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ nípa àrùn náà. Ẹgbẹ́ àdúrà yẹn ló bí àwọn ìjọ míì, títí tó fi di ìsọjí ńlá tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní 1930, tí ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) sì ti ibẹ̀ jáde. Kí ló dé tí ìtàn yìí ò sọnù? Torí àwọn èèyàn ń jẹ́rìí ní gbogbo ìgbà, wọ́n ń tún un sọ, nígbà tó yá ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan tó ń jẹ́rìí, tiwọn bá wọn wọlẹ̀. Lójú tèmi, àwọn yẹn gan-an ló yẹ ká máa wá kiri báyìí.

Ó dáa, ibi tó máa ń da gbogbo èèyàn lójú rú jù nìyí: tí ohun tí wọ́n sọ fún wa ò bá jóòótọ́ ńkọ́?

Ẹnì kan á jókòó síwájú yín á ní kòrónà ò wọ Òṣogbo rí, irọ́ ìjọba ni. Ọmọ OAU kan, ìyẹn yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀, á sọ fún yín pé kòrónà ló ti Ifẹ̀ pa títí di December, bẹ́ẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ni, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní March kí kónílé-ó-gbélé tó mú gbogbo ìlú, àwọn méjèèjì kàn wọnú ara wọn lójú ọmọ tó jókòó sílé lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ni. Ẹlòmíì á ní chloroquine ni gbogbo ilé àwọn lò, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ rántí pé ní March yẹn, lẹ́yìn tí ààrẹ Amẹ́ríkà yin chloroquine lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn èèyàn sáré lọ rà á, àwọn kan lò ó ju bó ṣe yẹ lọ ní Èkó débi tí wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí máa ń fẹ́ ṣe ni kó gba ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu, kó ní "rárá mà, kò rí bẹ́ẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìgbàgbọ́ tí ìyá yẹn ní nínú chloroquine, ìgbàgbọ́ yẹn ló mú kó jáde lọ sí kẹ́míìsì lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó má jáde, ohun tó ṣe nìyẹn, ó sì jẹ́ ìtàn. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán bó ṣe gbà á gbọ́. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yín pé àwọn dókítà kìlọ̀ fún ará ìlú lórí oògùn yìí nígbà yẹn, kí ẹni tó máa kà á lẹ́yìn ọ̀la má lọ gbé e mì. Ìtàn tirẹ̀ dúró, àlàyé tiyín náà dúró, kí wọ́n má ṣe dàpọ̀. Kẹ́ ẹ wá jókòó máa bá a jiyàn títí tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́, ìyẹn ló máa ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Ti ọjọ́ oṣù náà, kò sẹ́ni tó máa rántí. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé "kí ló ṣẹlẹ̀ ní April 2020," òfo lẹ máa bá bọ̀. Ẹ fi ohun tí gbogbo wa jọ rí bi wọ́n. Ní ọdún yẹn, Àjíǹde bọ́ sí 12 April, àwọn onígbàgbọ́ ò sì jẹ́ gbàgbé Àjíǹde tí wọ́n ṣe nínú pálọ̀. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 24 April, ìtúnu bọ́ sí 24 May. Iléyá jẹ́ 31 July. Ìdánwò WAEC tó yẹ kó ti parí, 17 August ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nínú August yẹn náà ni ọdún Ọ̀ṣun, tí èèyàn máa ń rọ́ wá fún láti Brazil àti ibi tí ẹ ò lérò, ètùtù wáyé lọ́dún yẹn àmọ́ wọn ò gba èrò láàyè. October ni ìwọ́de EndSARS, tí àwọn ọ̀dọ́ fi lòdì sí ìwà ìkà ọlọ́pàá. Tẹ́ ẹ bá ti béèrè pé "ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti ń kírun àṣálẹ́ nínú ààwẹ̀ ọdún yẹn?" ẹ ẹ̀ ní í béèrè ọjọ́ oṣù mọ́, òun fúnra ẹ̀ á máa tò ó fún yín, á rántí ẹni tó ṣáájú ìrun nínú àgbàlá, á rántí pé ọmọ òun ò tíì rìn nígbà yẹn, á rántí pé owó ọkọ̀ láti Òkè-Fìà sí Old Garage ti gbéra torí pé wọ́n ní kí wọ́n má kó èrò kún mọ́tò.

Bí ìbéèrè ṣe rí ló ń sọ bí ìdáhùn ṣe máa rí. Ká ní ìyá aláta kan ní Ọjà Ìgbóná lẹ lọ bá, ẹ ti kí i, "ẹ kú ọjà mà, ajé á wọgbá," ó ti dáhùn, ẹ ti jókòó sórí bẹ́ńṣì tó fà sílẹ̀ fún yín. Tẹ́ ẹ bá ní "mà, ṣé ìyà jẹ yín nígbà kòrónà?" á ní "ìyà jẹ wá gan, ọmọ mi, Ọlọ́run ló yọ wá." Ó ti parí. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè fi ìyẹn ṣe, torí ohun tí gbogbo ọjà máa sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní "mà, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má pàtẹ mọ́, kí lẹ fi ata tó wà nílẹ̀ ṣe?" ọ̀rọ̀ máa yàtọ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ka apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó jẹrà fún yín, á ní òun lọ tàtàṣé tó kù, òun sè é títí omi fi gbẹ, òun rọ ọ́ sínú ike, òun ń tà á láti ẹ̀yìnkùlé kílẹ̀ tó mọ́, á sì dárúkọ oníbàárà tó máa ń wá kanlẹ̀kùn ní ìdájí, á ní aládùúgbò kan lọ fẹjọ́ òun sun. Ẹ ti rí ọjà tó wà ní títì tó sì ń ná, èyí tí kò sí nínú ìkéde gómìnà. Tó bá dákẹ́, ẹ̀yin náà ẹ dákẹ́ díẹ̀. Àwa ọmọ ìsinsìnyí, ara wa kì í gba kí ibì kan dákẹ́, a ti fẹ́ bi ìbéèrè míì, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí àgbà bá dákẹ́ tán ló sábà máa ń sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ikùn.

Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ pé àwọn ọba, pásítọ̀, àlùfáà àti àwọn tó ní àga ńlá nìkan lẹ ń bi, àwọn yẹn ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá gbohùngbohùn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀ ni wọ́n máa sọ. Awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ Ìbàdàn lóru, télọ̀ tó fi àjákù ańkárá àti àdìrẹ rán ìbòmú tà, nọ́ọ̀sì tí onílé ní kó kó jáde, àwọn Hausa tó wà ní Sábó tí ọ̀nà ilé dí mọ́, ẹni tó ń gbẹ́ sàréè. Àwọn olórìṣà náà, torí ọdún Ọ̀ṣun tí kò sí èrò, àwọn tó wà nínú igbó nìkan ló lè sọ bí ó ṣe rí láti tẹ̀lé Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ọdún, láìsí ariwo èrò lẹ́yìn. Àwọn ọmọdé tó wà ní praimárì nígbà yẹn ti ń di géńdé, wọ́n rántí nǹkan tí àgbà ò kà sí, àmọ́ ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí kẹ́ ẹ tó tan fóònù.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń wá. Kí èèyàn gbà láti bá yín sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí kó gbà kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀, kó gbà kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀ sì tún yàtọ̀ sí kó gbà kẹ́ ẹ gbé e sórí Facebook. Ìbéèrè mẹ́ta ni, ẹ bi í lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ fáìlì, pé òun gbà, pé ẹ lè dárúkọ òun tàbí kẹ́ ẹ má dá a. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 tiẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ ohun tí wọn kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, ó sì fún èèyàn láyè láti ní òun ò gbà mọ́. Ẹ wá ro ọ̀rọ̀ palliative. Ní October 2020, èèyàn ya wọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ẹdẹ níbi tí wọ́n kó oúnjẹ palliative sí, wọ́n kó o lọ. Àwọn tó lọ síbẹ̀ wà láàárín wa, aládùúgbò wa ni wọ́n, àwọn kan á sì sọ ọ́ fún yín pẹ̀lú ẹ̀rín torí pé ara ti tù wọ́n lọ́dọ̀ yín. Ìtàn tó ṣe pàtàkì gan ni, torí ẹ máa gbọ́ ohun tí ebi àti ìbínú ṣe lẹ́nu ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ohùn ẹni yẹn pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló lè dà. Ẹ yọ orúkọ, ẹ yọ àdúgbò, tó bá tiẹ̀ ṣeé ṣe ẹ má gbé ohùn jáde rárá, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀ nìkan. Bákan náà lẹni tó bá dárúkọ aládùúgbò tí wọ́n wá fi áńbúláǹsì gbé lálẹ́, aládùúgbò yẹn ò sí níbẹ̀ láti sọ bóyá òun gbà tàbí òun ò gbà.

Ṣé ká sanwó fún wọn? Àríyànjiyàn wà lórí ìyẹn. Lójú tèmi, tẹ́ ẹ bá gba wákàtí kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà, ẹ ra nǹkan lórí àtẹ ẹ̀, ẹ má sì gé owó sílẹ̀ fún ìtàn, torí ìtàn tí wọ́n bá ti dá owó lé máa ń gùn síi lójoojúmọ́.

Ti irinṣẹ́, fóònù yín tó. Ẹ yí i sí airplane mode kí ìpè má já lu ọ̀rọ̀, ẹ sún mọ́ ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ sì jìnnà sí ẹ̀rọ ata àti jẹnẹrétọ̀, torí etí wa lè yọ ọ̀rọ̀ jáde láàárín ariwo, fóònù ò lè yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó bi ìbéèrè kankan. Ẹ má fi voice note WhatsApp ṣe é, ó máa ń fún ohùn pọ̀, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Lẹ́yìn ohùn, ẹ bi wọ́n pé kí ló kù lọ́wọ́ wọn láti ìgbà yẹn: ìbòmú, káàdì abẹ́rẹ́, fọ́tò bọ́kẹ́ẹ̀tì onítáàpù tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn broadcast tí gbogbo ẹ̀bí ń fi ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ máa fa ooru símú. Fóònù 2020 ti ń kú lọ, broadcast yẹn sì ń bá a kú.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ ohùn sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Tó bá sọ ọ́ ní ẹnu Òṣogbo, tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì là á, tó bá bú èèyàn, ẹ fi í síbẹ̀, kì í ṣe ìwé tíṣà là ń tún ṣe. Ẹ fún fáìlì lórúkọ tó ní ọjọ́ àti àdúgbò nínú, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí flash, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹlòmíì tí kò gbé nílé yín. Ẹ lọ bi láíbìrì ilé-ìwé tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà láàárín ìlú bóyá wọ́n á bá yín tọ́jú ẹ̀dà kan. Ẹ mú ẹ̀dà kan padà fún ẹni tó ni ohùn, kó gbọ́ ara ẹ̀, àwọn kan máa ń ní kẹ́ ẹ gé ibì kan kúrò lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ẹ gé e, láti inú ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.